Páànù Wo Lẹ Máa Fi Kan Ọkọ̀ Ìpẹja Odò? Ìfiwéra Ọ̀nà Márùn-ún

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi páànù alumíníọ̀mù tàbí ti irin kan ọkọ̀ ìpẹja ló máa ń kọ́kọ́ béèrè pé, “Páànù wo ló le jù?” Ìbéèrè náà dára, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Ó ṣọ̀wọ́n kí odò dá ihò sí àárín páànù. Ojú ibi tí páànù kan ti pàdé èkejì ni omi ti ń wá ọ̀nà wọlé, ibẹ̀ náà sì ni ọkọ̀ ti ń là nígbà tó bá forí sọ àpáta. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé irú ìsopọ̀ tí ọwọ́ yín lè ṣe, tó sì máa dúró, ló yẹ kó sọ irú páànù tí ẹ máa rà. Ẹni tó kọ́kọ́ ra páànù, tó wá ń wá bó ṣe máa so ó pọ̀, ti fi ẹ̀yìn ṣe iwájú.

Ọkọ̀ tí mò ń sọ ni èyí tí àwọn olóyìnbó ń pè ní drift boat. Èmi á máa pè é ní ọkọ̀ abódòlọ. Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mọ irú rẹ̀ dáadáa, lórí odò McKenzie àti odò Rogue, níbi tí omi ti ń sáré láàárín àpáta. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ láti ọ̀tún dé òsì, àmọ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn ńṣe ló tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, tí orí méjèèjì fi yọ kúrò lómi. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì ṣí síta bí ẹnu igbá. Atukọ̀ á jókòó sáàárín, á kọjú sí ibi tí odò ń lọ, á máa fi àjẹ̀ fa ọkọ̀ padà sẹ́yìn. Kò fẹ́ kó dúró, kò sì fẹ́ kó bá omi sáré. Ó fẹ́ kó máa rọra lọ, kí omi máa yá jù ú lọ, kí ẹni tó mú ọ̀pá ìwọ̀ lè ráyè ju ìwọ̀ síbi tí ẹja wà.

Èyí tó wọ́pọ̀ máa ń gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 14 sí 17. Ẹsẹ̀ bàtà 16 ni màá fi ṣe gbogbo ìṣirò mi. Màá gbà pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ gba páànù bí 4.5 m², kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gba bí 6 m².

Ohun tí màá fi wọ̀n wọ́n

Ìwúwo ni mo fi ṣáájú, torí pé apá ènìyàn ni ẹ̀rọ ọkọ̀ yìí. Gbogbo kílò tí ẹ bá kàn mọ́ ọn ni atukọ̀ máa fi àjẹ̀ dì mú láti òwúrọ̀ títí ẹ fi máa gúnlẹ̀. Ìwúwo náà ló tún ń sọ bí ọkọ̀ ṣe máa rì tó. Bí ibi tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti kan omi bá tó 4 m², kílò 40 tí ẹ bá fi kún un á mú kó fi sẹ̀ǹtímítà 1 rì sí i. Sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 lè dà bí ohun kékeré létí, àmọ́ níbi tí omi kò ti ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, òun ló ń sọ bóyá ẹ máa kọjá lórí òkúta tàbí ẹ máa há sórí rẹ̀.

Ìkejì ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá kọlu àpáta, torí pé ó máa kọlù ú. Páànù tó tẹ̀ wọnú sàn ju èyí tó sán lọ. A lè fi òòlù onírọ́bà lu ibi tó tẹ̀ padà sípò, àmọ́ ńṣe ni ẹ̀là ń gùn sí i lójoojúmọ́. Ìkẹta ni ìsopọ̀ tí mo ti sọ. Ìkẹrin ni owó, mi ò sì ka owó páànù nìkan: ẹ̀rọ wà níbẹ̀, gáàsì, wáyà, páànù tó máa bàjẹ́ lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ bá ń kọ́ṣẹ́, àti iye ọjọ́ tí iṣẹ́ náà máa gbà. Ìkarùn-ún ni àtúnṣe. Ṣé ẹ lè dí i létí odò kí ẹ fi dé ilé? Ṣé wẹ́dà tí ẹ bá rí nítòsí lè jó o?

Alumíníọ̀mù 5052

Alumíníọ̀mù kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Nọ́ńbà tó wà lára páànù ló ń sọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn. Ti 5052, magnesíọ̀mù bí ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ẹ máa rí H32 lẹ́yìn nọ́ńbà náà. Ìyẹn ń sọ pé títẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ nígbà tó tutù ló mú un le, kì í ṣe iná. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí, torí pé ohun tí títẹ̀ bá mú le, iná wẹ́dìn máa ń mú un rọ̀.

Ìwà rẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù ni pé ó ń gbọ́ràn. Ẹ lè ká a ní igun tó mú láìsí pé ó sán, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó ń yí bọ̀ láti àárín lọ sí iwájú kò sì nira fún un. Omi odò kì í jẹ ẹ́. Nínú àwọn páànù alumíníọ̀mù tó yẹ ọkọ̀, òun ló sábà máa ń rọrùn láti rí, owó rẹ̀ sì máa ń kéré sí ti 5086.

Agbára ni kò fi bẹ́ẹ̀ ní. Agbára tó máa fà á já kò ju nǹkan bí 215 MPa lọ (MPa ni wọ́n fi ń wọn agbára tó ń fa páànù já). Lẹ́yìn tí iná bá kàn án, ẹ̀gbẹ́ ojú jíjó á sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 170. Fún ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ìyẹn tó, páànù 2.5 mílímítà máa ṣe é dáadáa. Fún ìsàlẹ̀, tó bá jẹ́ 5052 nìkan lẹ rí, ẹ má fi 3 mílímítà ṣe é bí odò yín bá kún fún òkúta. Ẹ lo 4. Kílò 12 péré ni mílímítà kan yẹn máa fi kún ìsàlẹ̀, mo sì gbà pé kò sí kílò méjìlá mìíràn nínú ọkọ̀ tó níyì tó o.

Alumíníọ̀mù 5086

Magnesíọ̀mù tirẹ̀ tó ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sì máa ń fi ṣe jù. Nǹkan bí 275 MPa ló máa fà á já kí iná tó kàn án. Lẹ́yìn iná, ó ṣì ń gbé nǹkan bí 240.

Ẹ fi ìyẹn wé ti 5052. Kí a tó jó wọn, 5086 fi 60 jù ú. Lẹ́yìn jíjó, ó fi 70 jù ú. Gbogbo páànù ló ń rẹ̀ sílẹ̀ bí iná bá kàn án, àmọ́ ti 5086 kéré débi pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú jíjó, níbi tí ọkọ̀ ti ń là gan-an, ló ti ń lágbára ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Tí ẹ bá fẹ́ fi iná so ọkọ̀ pọ̀, mi ò mọ ìdí tó dára ju èyí lọ tí ènìyàn fi máa san owó tó lé lórí rẹ̀. Tí ọjà bá ní 5083 dípò rẹ̀, ẹ gbà á. Ìbátan ni wọ́n, 5083 tilẹ̀ le díẹ̀ sí i.

Ó ní wàhálà tirẹ̀. Kì í fẹ́ kí wọ́n ká òun ní igun tó mú bíi ti 5052, torí náà ẹ jẹ́ kí ibi tí ẹ bá ti ká a ṣe roboto díẹ̀. Ẹ sì lè wá a káàkiri kí ẹ tó rí i. Ọ̀nà tí èmi ń gbà dín owó kù ni pé kí ìsàlẹ̀ àti igun tó so ìsàlẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ jẹ́ 5086, kí ẹ̀gbẹ́ jẹ́ 5052. Wáyà kan náà tí iná ń yọ́ sínú ojú jíjó, 5356, ló ń jó méjèèjì pọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà 4043 jó 5086 fún yín. Silíkọ́ọ̀nù tó wà nínú wáyà yẹn máa bá magnesíọ̀mù pọ̀, ojú jíjó á sì máa kán bí àwo.

Ní ìwúwo, ìsàlẹ̀ 3 mílímítà jẹ́ kílò 36, ẹ̀gbẹ́ 2.5 mílímítà jẹ́ kílò 40. Kílò 76 nìyẹn, kí a tó ka egungun inú, ìjókòó àti etí ọkọ̀.

Alumíníọ̀mù 6061-T6

Èyí ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Wọ́n á wo ìwé, wọ́n á rí 290 MPa, wọ́n á ní àwọn ti rí ọba páànù. Àmọ́ T6 ń sọ pé iná ni wọ́n fi mú un le ní ilé iṣẹ́, pẹ̀lú ìgbóná tí wọ́n wọ̀n àti wákàtí tí wọ́n kà. Iná wẹ́dìn kò mọ ìwọ̀n kankan. Ibi tó bá kàn á padà sí nǹkan bí 165 MPa, ìyẹn ni pé ó rẹlẹ̀ sí 5052 tí ẹ rò pé ó jù lọ. Ẹ ti san owó agbára, ẹ sì fi ọwọ́ ara yín gbà á padà lára rẹ̀, ní gbogbo ìlà tí ẹ jó. Bí ẹ bá tún gbìyànjú láti ká a ní igun tó mú, ó lè sán lójú yín.

Mi ò sọ pé kí ẹ jù ú nù. Àwọn ọ̀pá àti igun alumíníọ̀mù tí wọ́n ti fún jáde bí ẹ ṣe máa lò ó, 6061 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì dára fún etí ọkọ̀, fún ibi tí àjẹ̀ jókòó sí, àti fún apá tó gbé ìdákọ̀ró dúró lẹ́yìn. Bóòtù ni kí ẹ fi dè wọ́n níbi tí ẹ bá ti lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ibòmíràn tún wà tí páànù rẹ̀ ti wúlò gan-an, màá dé ibẹ̀ nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ rífẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìṣó kúkúrú tí wọ́n ń tẹ orí rẹ̀ láti fi so páànù méjì pọ̀.

Iná alumíníọ̀mù

Mo ní láti dúró níbí pẹ́ díẹ̀, torí pé ibí ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àfọwọ́kàn ti ń bàjẹ́. Wẹ́dà tó ti fi ogún ọdún jó irin lè má mọ alumíníọ̀mù jó rárá. Irin á kọ́kọ́ pọ́n kó tó yọ́. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n. Á wà bẹ́ẹ̀ bíi pé nǹkan kan kò ṣe é, á wá jábọ́ lójijì. Awọ tín-ín-rín kan tún wà lójú rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń dá sí i. Alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀ ń yọ́ ní nǹkan bí 660°C, àmọ́ awọ náà kì í yọ́ títí ìgbóná á fi kọjá 2000°C. Bí ẹ kò bá fi búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà tí kì í dípáàrà ha á kúrò kí ẹ tó jó o, inú á ti yọ́ nígbà tí ojú ṣì le, ìsopọ̀ náà á sì jẹ́ ẹ̀tàn. Búrọ́ọ̀ṣì yẹn kò gbọ́dọ̀ kan irin rí.

Omi àti òróró tún jẹ́ ọ̀tá rẹ̀. Ìrì tó bá wà lójú páànù láàárọ̀ tó láti fi ihò wóróworó sínú ojú jíjó.

Ẹ̀rọ wẹ́dìn méjì ló wà láti yàn, TIG àti MIG. TIG ń lọ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ kan mú iná, ọwọ́ kejì ń fún un ní wáyà. Ojú jíjó rẹ̀ máa ń mọ́, ó sì rọrùn láti rí ohun tí ẹ ń ṣe. Àmọ́ ó ń pẹ́ lórí páànù, ìgbóná á sì tàn káàkiri. Alumíníọ̀mù ń wú ju irin lọ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì bó bá gbóná, torí náà páànù gígùn á rú bí omi. MIG tí róòlù wáyà wà lórí ìbọn rẹ̀ ń sáré, kì í sì í jẹ́ kí ìgbóná tàn tó bẹ́ẹ̀. Òun ni màá mú fún ìlà gígùn tó so ìsàlẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan máa ń tutù, kì í sì í wọnú páànù dáadáa. Ẹ gé ibẹ̀ padà kí ẹ tó so ìlà mìíràn mọ́ ọn. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, argon nìkan ni gáàsì tó máa bo ojú jíjó mọ́ afẹ́fẹ́. Gáàsì tí wẹ́dà irin ń lò pẹ̀lú MIG, èyí tí wọ́n fi carbon dioxide pò, máa ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ẹ má sì ṣe jó o níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, atẹ́gùn á gbá gáàsì lọ.

Ẹ fi ẹ̀kán jíjó kéékèèké mú ọkọ̀ náà pọ̀ yí ká ná, láti àárín lọ sí iwájú àti ẹ̀yìn, lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ tó jó ìlà kankan tán. Nígbà tó bá parí, ẹ fi ẹfun kun ìta ojú jíjó, kí ẹ fi kẹrosíìnì pa inú rẹ̀. Kẹrosíìnì máa ń wọ ibi tí omi kò lè wọ̀. Ibikíbi tó bá ti dúdú lára ẹfun lẹ̀là wà.

Irin

Irin ní ọ̀rẹ́ púpọ̀, mo sì mọ ìdí. Owó rẹ̀ kéré, ó wà níbi gbogbo, wẹ́dà tó lè jó o kò wọ́n. Ojú jíjó rẹ̀ kì í rẹ̀ sílẹ̀ bíi ti alumíníọ̀mù. Tó bá kọlu àpáta, ó ń tẹ̀, kì í sán, àtúnṣe rẹ̀ sì rọrùn ní ìlú èyíkéyìí.

Ìwúwo ni gbogbo rẹ̀ ti ń yí padà. Páànù irin 2 mílímítà fún gbogbo ọkọ̀ yìí tó kílò 165. Tó bá jẹ́ 3 mílímítà, ó fẹ́ẹ̀ tó 250. Àwọn kan á ní irin le ju alumíníọ̀mù lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, pé kí a kàn lo èyí tó tín-ín-rín. Òótọ́ ni pé ó le tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ bí páànù ṣe nípọn tó ló ń sọ jù bó ṣe máa kọ̀ láti tẹ̀. Irin 2.1 mílímítà ló máa kọ̀ láti tẹ̀ bíi ti alumíníọ̀mù 3 mílímítà, ó sì wúwo tó o ní ìlọ́po méjì. Tí ẹ bá wá lọ sí 1.5 mílímítà kí ẹ lè dín in kù, iná á máa dá ihò sí i lójú yín, ìpáàrà á sì parí iṣẹ́ náà fún yín láàárín ọdún díẹ̀.

Ìpáàrà kì í bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ máa rí i. Abẹ́ ìjókòó, inú igun tí iyanrìn jókòó sí, ibi tí òkúta ti ha ọ̀dà kúrò, ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Ọkọ̀ abódòlọ sì ni ọkọ̀ tí òkúta ń ha ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá jáde. Ẹni tó bá kan irin ti gba iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn lọ́dọọdún. Tó bá sì jẹ́ páànù tí wọ́n fi zinc bò lẹ fẹ́ lò láti sá fún ìyẹn, ẹ ha zinc náà kúrò níbi tí ẹ máa jó. Èéfín rẹ̀ máa ń fa ibà àti òtútù tó ń mú wẹ́dà gbọ̀n lóru.

Mo gba irin fún odò tó gbòòrò, tó jinlẹ̀, tí omi rẹ̀ ń rọra lọ, tí ọkọ̀ náà kò sì ní kúrò létí omi. Lórí odò olókúta tó ń sáré, pẹ̀lú àjẹ̀ méjì péré, apá atukọ̀ ló máa san owó tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́.

Rífẹ́ẹ̀tì

Àwọn tó ní iná ń fojú kéré ọ̀nà yìí. Mi ò fojú kéré rẹ̀. Tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n ti ń fi rífẹ́ẹ̀tì kan bàálù àti ọkọ̀ alumíníọ̀mù, ohun tó sì dára jù nínú rẹ̀ ni pé kò sí iná níbẹ̀. Páànù kì í rú, agbára rẹ̀ kì í rẹ̀ sílẹ̀. Ibí ni 6061-T6 ti ń gba ìyì rẹ̀ padà: 290 tí ẹ rà náà ló máa wà nínú ọkọ̀ yín títí. Àmọ́ ìsàlẹ̀ àti ibi tó tẹ́jú ni kí ẹ fi ṣe. Níbi tí páànù bá ní láti ká, ẹ jẹ́ kó jẹ́ 5052.

Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Páànù kan á gun èkejì lórí, ẹ máa pa àtè polyurethane sáàárín wọn, ẹ máa lu ihò, ẹ máa ha etí ihò kọ̀ọ̀kan kó má mú, ẹ máa nù ún, kí ẹ tó kan rífẹ́ẹ̀tì. Tí rífẹ́ẹ̀tì bá nípọn 5 mílímítà, àárín ihò kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ etí páànù ju 10 mílímítà lọ, àárín ihò kan sí èkejì kò sì gbọ́dọ̀ dín ní 15. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni ihò náà máa jẹ́. Ẹ wá ẹni tó máa di irin mú ní ìhà kejì, torí pé rífẹ́ẹ̀tì tí kò ní ihò láàárín, èyí tí wọ́n ń fi òòlù tẹ̀ lórí, ló dára jù. Tí ẹ bá dá wà, ẹ lo èyí tí wọ́n ń fi ìbọn fà, àmọ́ kó jẹ́ oríṣi tí orí rẹ̀ dí pa. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà ní ihò láàárín, omi á sì gba ibẹ̀ wọlé bó ṣe wù ú.

Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń yẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń lu òkúta lọ́dọọdún, rífẹ́ẹ̀tì á máa tú díẹ̀díẹ̀, àtè á máa gbẹ, ẹ máa rí omi wẹ́rẹ́ nínú ọkọ̀. Àtúnṣe rẹ̀ náà kò le: ẹ lu èyí tó tú kúrò, ẹ fi èyí tó nípọn díẹ̀ sí i rọ́pò rẹ̀. Dírílì àti òòlù tó fún un. Ẹni tí odò rẹ̀ jìnnà sí wẹ́dà yẹ kó ro èyí dáadáa.

Ohun tí páànù kankan kò lè ṣe fún yín

Alumíníọ̀mù kì í yọ̀ lórí òkúta. Ńṣe ló ń lẹ̀ mọ́ ọn, ariwo rẹ̀ sì ń lé ẹja. Ẹ wá páànù oníke líle tí wọ́n ń pè ní UHMW kí ẹ fi bóòtù dè é mọ́ ìsàlẹ̀, tàbí kí ẹ fi ọ̀dà epoxy tó nípọn kùn ún. UHMW wọ́n jù, ó sì ń fi ìwúwo kún un, àmọ́ lórí odò olókúta kò sí ohun tó ń yọ̀ bíi tirẹ̀.

Ẹ má ṣe fi bóòtù bàbà tàbí idẹ kan alumíníọ̀mù, ẹ má sì tẹ́ pákó tí wọ́n fi oògùn oníbàbà rẹ sínú ọkọ̀. Bí omi bá ti wà láàárín wọn, bàbà á máa jẹ alumíníọ̀mù. Bóòtù tí kì í dípáàrà ṣeé lò, tí ẹ bá fi wọ́ṣà oníke yà á sọ́tọ̀.

Fóòmù náà wà. Ọkọ̀ alumíníọ̀mù tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílò 130, bí omi bá kún inú rẹ̀, lítà omi bí 48 ni alumíníọ̀mù rẹ̀ ń tì kúrò, torí náà nǹkan bí kílò 82 ló ṣì ń fà á rì. Ó kéré tán, lítà 82 fóòmù ni kó wà lábẹ́ ìjókòó kó tó lè léfòó láìsí ènìyàn nínú rẹ̀. Ọkọ̀ irin tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílò 250 máa fẹ́ nǹkan bí lítà 218. Fóòmù tí kì í mu omi ni kí ó jẹ́. Ẹ̀wù ìléfòó kò sí lára ohun tí a ń yàn. Olúkúlùkù ló gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹni tó ti mọ alumíníọ̀mù jó, tí odò rẹ̀ sì ń sáré láàárín òkúta, kó ra 5086 fún ìsàlẹ̀, 5052 fún ẹ̀gbẹ́, kó sì fi MIG jó o. Ẹni tó ń pẹja lórí omi jẹ́jẹ́, tí kì í sábà rí àpáta, 5052 nìkan tó fún un láti òkè délẹ̀, ó sì lè fi owó tó kù ra àjẹ̀ tó dára. Irin wà fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ máa dúró lójú kan, tó ní ẹ̀rọ wẹ́dìn irin nílé, tí ọ̀dà kíkùn lọ́dọọdún kò sì sú. 6061 jẹ́ ti ẹni tó fẹ́ kan rífẹ́ẹ̀tì, tàbí ti ẹni tó kàn fẹ́ ọ̀pá fún etí ọkọ̀.

Ẹni tí kò tíì dá a lójú bóyá iná tàbí rífẹ́ẹ̀tì ló yẹ òun, kó má tíì ra páànù ńlá kankan. Kó kọ́kọ́ fi páálí gé ọkọ̀ náà ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, kó mọ ibi tí páànù á ti ká. Lẹ́yìn náà kó wá àfọ́kù 5052 tó nípọn 3 mílímítà, kó gé e ní méjì-méjì bí àtẹ́lẹwọ́, kó jó wọn pọ̀ ní igun, ní ojú kan ṣoṣo. Kó dè é mọ́ fáìsì, kó fi òòlù tẹ̀ ẹ́ títí dé ilẹ̀, kó wo inú ojú jíjó náà. Bó bá là láàárín, tí ihò wóróworó kún ibẹ̀, tàbí tí iná kò wọ gbòǹgbò igun náà, ọwọ́ náà kò tíì tó ọkọ̀ jó. Kó ṣe mẹ́wàá bẹ́ẹ̀. Bí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá tẹ̀ láìlà, kó lọ wá 5086. Bí oṣù kan bá kọjá tí wọ́n ṣì ń là, kó gbé ìbọn wẹ́dìn padà fún ẹni tó yá a, kó sì ra dírílì.